Ẹṣẹ́ Orí Kíndìnrín àti Àwọn Oògùn Tó Ń Pa Á Lẹ́nu Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn aláìsàn àti ará ilé wọn ń bi mí ṣáá, lójú ọ̀nà ọjà, lẹ́yìn ìsìn, lórí fóònù lóru. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lè kà á, kó sì kà á sí ìyá rẹ̀ létí.

Kí ni ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, ibo ló sì wà?

Ẹṣẹ́ kékeré méjì ni, ọ̀kan lórí kíndìnrín ọ̀tún, èkejì lórí kíndìnrín òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 5 lọ lára àgbàlagbà. Kóró kajú kan tí a kò tíì yan lè wúwo jù ú lọ. Adrenal ni àwọn dókítà ń pè é.

Torí pé orí kíndìnrín ló wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé àìsàn kíndìnrín la ń sọ. Rárá o. Kíndìnrín ń sẹ́ ìtọ̀; ẹṣẹ́ yìí ń ṣe họ́mọ̀nù, ìyẹn ìránṣẹ́ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara tó jìnnà. Kíndìnrín ẹnì kan lè dá ṣáṣá kí ẹṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ má ṣiṣẹ́ rárá.

Họ́mọ̀nù wo ló ń ṣe, kí sì ni iṣẹ́ wọn?

Èèpo rẹ̀ lóde ń ṣe cortisol, aldosterone àti díẹ̀ nínú họ́mọ̀nù akọ. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ń ṣe adrenaline àti noradrenaline.

Cortisol máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí a ń jí, á wá máa lọ sílẹ̀ títí di nǹkan bí agogo 12 òru. Òun ló ń rí i pé ṣúgà ò tán nínú ẹ̀jẹ̀ wa nígbà tí a kò jẹun, ó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ró, ó sì ń pẹ̀tù sí ara wíwú. Tí ibà bá dé, tí ènìyàn bá fara gbọgbẹ́ tàbí tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ara tó le á ṣe cortisol ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ikú máa ń gbà wọlé sára ẹni tí ẹṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe púpọ̀.

Iyọ̀ ni iṣẹ́ aldosterone. Ó ń sọ fún kíndìnrín pé kó di iyọ̀ mú, kó sì jẹ́ kí pọtásíọ̀mù bá ìtọ̀ lọ. Ibi tí iyọ̀ bá wà, omi á tẹ̀lé e. Tí aldosterone bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Tí kò bá tó, ìfúnpá á já wálẹ̀.

Adrenaline kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kadà kan já sí yín níwájú lójijì ní Takie, nílùú wa níbí: kí ẹ tó ronú, ẹsẹ̀ yín ti fò sẹ́yìn, àyà ń lù kìkì, ẹnu gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ tutù fún òógùn. Jà tàbí kí o sá, iṣẹ́ tó wá ṣe nìyẹn.

Ta ló ń pàṣẹ fún un?

Ọpọlọ ni, pàápàá fún cortisol. Apá kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ hypothalamus á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ pituitary tó rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ. Pituitary á tú họ́mọ̀nù ACTH sínú ẹ̀jẹ̀. ACTH ló ń jí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín sí iṣẹ́. Tí cortisol bá ti tó, ọpọlọ á mọ̀, á sì dá ìránṣẹ́ náà dúró.

Àmù omi ni mo máa ń fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Tí àmù bá fẹ́ gbẹ, ìyá á rán ọmọ lódò. Tó bá kún, ọmọ á sinmi. Ṣùgbọ́n tí ará àdúgbò kan bá ń pọnmi kún àmù yẹn láràárọ̀, ìyá kò ní rán ọmọ níṣẹ́ mọ́, nígbà tó bá sì pẹ́, ọmọ á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé omi rù. Ará àdúgbò yẹn ni oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù tí a ń gbé mì, èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi cortisol nínú ara: prednisolone, dexamethasone, betamethasone. Ọjọ́ tó bá kó lọ lójijì, àmù á gbẹ, ọmọ kò sì ní lè lọ odò. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó kù nísàlẹ̀ yìí, orí àmù yẹn ló dá lé.

Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wàhálà ayé máa ń mú kí ẹṣẹ́ yìí "rẹ̀". Ṣé òótọ́ ni?

Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa họ́mọ̀nù kò gbà pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà. Wàhálà kì í tán ẹṣẹ́ náà lókun. Ṣùgbọ́n rírẹ̀ tó ń rẹ̀ yín kì í ṣe irọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá kò tó, ẹ yẹ ṣúgà wò, ẹ yẹ ẹṣẹ́ ọrùn wò, ẹ sì sọ fún dókítà bí ẹ kò bá rí oorun sùn tàbí bí ìbànújẹ́ bá wọ̀ yín lọ́kàn.

Oògùn tí wọ́n ń tà fún "ẹṣẹ́ tó ti rẹ̀" ni mò ń bẹ̀rù. Wọ́n ti yẹ irú rẹ̀ wò rí, wọ́n sì bá họ́mọ̀nù gidi nínú rẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹṣẹ́ yìí kò ṣiṣẹ́ tó?

Thomas Addison, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣàpèjúwe àìsàn yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1855, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pè é dòní. Ó máa ń yọ́ wọlé ni. Rírẹ̀ tí oorun kò lè tán, oúnjẹ tí kò wu ni jẹ, rírù, inú rírun, èébì, òòyì tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde dúró. Àwọn ará ilé á ní ibà ni, wọ́n á tọ́jú ibà. Wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n á tọ́jú táífọ́ọ̀dù. Oṣù á gorí oṣù.

Iyọ̀ ni àmì tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mo rí ọkùnrin kan rí tó ń bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń lá a bí ọmọdé ṣe ń lá gúlúkóòsì. Aldosterone rẹ̀ kò tó, iyọ̀ ń bá ìtọ̀ lọ, ara rẹ̀ sì mọ ohun tó ń wá. Àwọn ará ilé ti gba iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ torí wọ́n gbọ́ pé iyọ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìfúnpá tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé kò lè dá dúró lórí ìlà. Ìmọ̀ràn tó dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni dídín iyọ̀ kù, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ní àìsàn Addison, ewu ni.

Wọ́n ní àìsàn Addison máa ń mú kí ara dúdú. Àwa tí ara wa ti dúdú tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí òun ló ń mú kí a pẹ́ kí a tó rí i láàárín tiwa. Ẹ má wo ojú tàbí apá. Ẹ la ọwọ́, kí ẹ wo ìlà inú àtẹ́lẹwọ́: ó máa ń dúdú bí ẹni fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ẹran ìdí eyín, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n bóyá ẹ óò rí àbàwọ́n dúdú tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo oríkèé ìka àti ojú àpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná.

Àwọn kan wà tí ẹran ìdí eyín wọn dúdú láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, kì í ṣe àìsàn. Ìyàtọ̀ ni kí ẹ máa wá. Ẹ gbé fọ́tò ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ bi ìyá tàbí ìyàwó rẹ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ojú ìyá kì í tètè tàn án.

Kí ló ń fa á?

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn á kọjú ìjà sí ẹṣẹ́ náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè jẹ ẹ́ run pẹ̀lú, ìyẹn sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí Addison yẹ̀ wò ní. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ikọ́ ẹ̀gbẹ nílẹ̀ wa. Kòkòrò HIV àti àwọn àrùn tó ń bá a rìn lè bà á jẹ́ bákan náà.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ lójú tèmi kì í ṣe àrùn. Ọwọ́ wa la fi ń fà á, pẹ̀lú oògùn.

Ìyá mi rí oògùn orókun kan tó ń ṣiṣẹ́ bí idán. Ọjọ́ kejì ló ti ń rìn. Kí ló burú níbẹ̀?

Ohun tó burú ni pé ó yá jù. Làkúrègbé tó ti ń yọ ìyá lẹ́nu fún ọdún mẹ́wàá kì í lọ lóru ọjọ́ kan. Tí ó bá lọ bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wù wọ́n jẹ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, ẹ fura sí sitẹ́rọ́ọ̀dù. Wọ́n ń tà á ní hóró hóró nínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n so lẹ́nu, wọ́n ń tà á nínú ọkọ̀, àwọn kan sì ń lọ̀ ọ́ mọ́ àgúnmu tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ àgbo, wọ́n á ní ewé àti egbò lásán ni. Ẹni tó mọ ewé dunjú kò nílò dexamethasone nínú àgbo rẹ̀. Èmi kò bá oníṣègùn òtítọ́ jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ara àgbàlagbà ń ṣe cortisol tó nǹkan bíi mílígíráàmù 10 sí 20 lójúmọ́. Dexamethasone mílígíráàmù 0.75 tó hydrocortisone 20, ìyẹn cortisol alára tí wọ́n ṣe ní hóró. Hóró dexamethasone kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri jẹ́ 0.5. Ẹni tó ń lo mẹ́rin lójúmọ́ ti gba 2, ìyẹn nǹkan bíi 53 ní ìwọ̀n hydrocortisone. Ó lé ní ìlọ́po méjì ohun tí ara ń ṣe. Àmù ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ta ni ìyá tún fẹ́ rán lódò?

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú á yí bìrìkìtì, ọ̀rá á gbá jọ sẹ́yìn ọrùn àti ikùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tín-ín-rín, ìlà fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ tó rẹ̀ dòdò á yọ níkùn, awọ á rọ̀ débi pé tí nǹkan bá fọwọ́ kàn án, á ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Ẹ̀jẹ̀ ríru á dé, àtọ̀gbẹ á dé, eegun á di ẹlẹgẹ́. Cushing ni orúkọ rẹ̀, látara Harvey Cushing, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò kan wà tí ẹ lè ṣe nílé: ẹ ní kí ìyá jókòó sórí àpótí ìdáná, kí wọ́n káwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n dìde láì fọwọ́ ti ohunkóhun. Iṣan itan ni sitẹ́rọ́ọ̀dù ń jẹ. Mo ti rí ìyá kan tó lè rìn dé ọjà láì ké orókun, ṣùgbọ́n tí ọmọ rẹ̀ ní láti fà wọ́n dìde lórí àpótí.

Oògùn amúnisanra àti ìpara bíbóra ńkọ́?

Ọ̀kan náà ni. Ọ̀pọ̀ oògùn tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń gbé mì kí ìdí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè yọ, dexamethasone àti cyproheptadine, oògùn kan tó ń mú kí oúnjẹ wu ni jẹ, ni wọ́n pa pọ̀. Sísanra yẹn kì í ṣe ẹran. Ọ̀rá àti omi ni. Ẹ̀yin ọmọ wa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Under-G nítòsí LAUTECH, ẹ dákun, ẹ má gba hóró lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí kò mọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìpara tó ń bó ara ní clobetasol nínú, èyí tó wà lára sitẹ́rọ́ọ̀dù tó le jù tí a ń fi pa ara. Tí ẹ bá fi í pa gbogbo ara lójoojúmọ́, á gba awọ wọnú ẹ̀jẹ̀, á sì pa ẹṣẹ́ lẹ́nu mọ́ bí ẹni tó gbé hóró mì. Tí ìyá ọlọ́mọ bá ń fi pa ọmọ jòjòló lára, ìyẹn tún burú ju èyí lọ, torí awọ ọmọ fẹ́lẹ́.

Ẹ̀rù ti bà mí. Mo fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù lónìí.

Ẹ dúró. Ẹ má dà á nù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí nìyí. Ẹni tó bá ti lo sitẹ́rọ́ọ̀dù ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Ẹṣẹ́ rẹ̀ ti sùn. Tí ẹ bá dá oògùn dúró lónìí, tí ibà kọ lù yín ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní sí cortisol tó máa gbé yín ró.

Ẹ kó oògùn náà, tòun ti ọ̀rá tàbí páálí rẹ̀, lọ bá dókítà. Ẹ má tijú. Dókítà á dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gba oṣù, títí ẹṣẹ́ á fi jí. Ara á máa ro yín díẹ̀, orókun á tún máa dùn yín, ó lè rẹ̀ yín. Ẹ fara dà á, ṣùgbọ́n tí èébì àti òòyì bá wọ̀ ọ́, ẹ sáré padà.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti di pàjáwìrì, kí sì ni ká ṣe?

Ẹni tí ẹṣẹ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tí ó wá ń bì láìdúró, tí inú ń run ún, tí ara rẹ̀ tutù, tí kò lè dìde, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, kò ní àkókò púpọ̀. Abẹ́rẹ́ hydrocortisone mílígíráàmù 100 ni àgbàlagbà nílò lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú omi iyọ̀ tí wọ́n á fà sí i lára. Tí wọ́n bá ti kọ́ ará ilé láti gún un, kó gún un sí itan, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn, kódà bí ara bá ti bọ̀ sípò.

Tó bá jẹ́ ibà lásán, tí kò bì, ìlànà tí a máa ń fún àwọn tó ń lo hóró hydrocortisone lójoojúmọ́ dípò cortisol tí ẹṣẹ́ wọn kò lè ṣe ni pé kí wọ́n sọ ti ojúmọ́ di ìlọ́po méjì títí ibà á fi lọ. Tí ó bá bì í jáde, hóró kò wúlò mọ́. Abẹ́rẹ́ ló kù.

Dókítà kọ prednisolone fún mi nítorí ikọ́ fée. Ṣé kí n kọ̀ ọ́?

Ẹ má kọ̀ ọ́. Oògùn ńlá ni sitẹ́rọ́ọ̀dù. Àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ ìwádìí lórí rẹ̀, Kendall, Reichstein àti Hench, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Ní 2020, dexamethasone ni ìwádìí fi hàn pé ó ń dín ikú kù láàárín àwọn tí kòrónà mú débi tí wọ́n nílò ọ́síjìn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún tó fẹ́ bímọ ṣáájú oṣù rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó.

Ọjọ́ márùn-ún fún ikọ́ fée tó gbóná kì í pa ẹṣẹ́. Ìwọ̀n sitẹ́rọ́ọ̀dù inú inhaler, èyí tí ẹ ń fà sí ẹnu lójoojúmọ́, náà kéré. Ìyàtọ̀ ni pé ẹnì kan mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tó máa tán, ó sì ń ṣọ́ yín.

Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta, síbẹ̀ kò lọ sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ ń lò ó lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ń lò ó, ẹ béèrè nípa aldosterone. Ẹṣẹ́ kan lè máa tú u jù, èyí tí Jerome Conn, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe ní 1955. Pọtásíọ̀mù ẹni tó bá ní i lè lọ sílẹ̀, kí iṣan máa rọ tàbí kó máa há, ṣùgbọ́n kò dandan. Oògùn spironolactone máa ń ká a, tó bá sì jẹ́ kókó ló wà nínú ẹṣẹ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ abẹ lè wò ó sàn.

Ó máa ń dé lójijì: orí á fọ́, òógùn á bo gbogbo ara, àyà á máa lù. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tá ni.

Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe yín lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tí ó bá ga fíofío nígbà náà, kókó inú ẹṣẹ́ tó ń da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ lè wà níbẹ̀. Pheochromocytoma ni wọ́n ń pè é. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é yọ.

Ẹ má lọ ra propranolol fúnra yín nítorí àyà tó ń lù. Tí ó bá jẹ́ kókó yìí ni, tí ẹ kò sì tíì lo oògùn tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, propranolol lè mú kí ìfúnpá ga lọ sí ibi tó léwu.

Wọ́n ní a bí ọmọ kan, wọn kò lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ẹ má dárúkọ èpè, ẹ má sì gbé ọmọ pamọ́. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹṣẹ́ ọmọ kò ní èròjà kan tó fi ń ṣe cortisol, họ́mọ̀nù akọ ló wá ń pọ̀ láti inú oyún. Ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá méjèèjì ló ti jogún rẹ̀. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ìyá. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ojú ara rẹ̀ lè jọ ti ọkùnrin.

Ti ọmọkùnrin ló ń dùn mí jù, torí kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹrin, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò ní sanra, á rọ jọwọrọ, iyọ̀ ara rẹ̀ ń ṣàn lọ. Ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti kú rí, kí wọ́n sọ fún dókítà ṣáájú ìbí tó ń bọ̀.

Mo ní àìsàn Addison. Ṣé mo lè gbààwẹ̀?

Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ kí oṣù tó yọ, kì í ṣe nígbà tó bá ku ọ̀la. Ewu wà níbẹ̀ gan-an torí hydrocortisone kì í pẹ́ nínú ara, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta la ń lò ó lójúmọ́. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láàyè.

Ibo la ti lè ṣe àyẹ̀wò?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni LAUTECH tàbí ti Bowen, èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Bí ọ̀rọ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè kọ̀wé fún yín sí UCH ní Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ fún cortisol, àárọ̀ ni wọ́n ń gbà á, ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ. Èyí tí wọ́n bá gbà lọ́sàn-án lè ṣi yín lọ́nà.

Ojú mi ti wú bí òṣùpá, ṣùgbọ́n èsì àyẹ̀wò ní cortisol mi kéré. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Méjèèjì. Dexamethasone tó wú yín lójú kò hàn nínú àyẹ̀wò cortisol. Cortisol tí ẹṣẹ́ yín ń ṣe nìkan ló ń kà, ẹṣẹ́ sì ti sùn. Mo ti rí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kò sí nǹkan tó ṣe é nítorí irú èsì yìí. Tí ẹ bá ti lo oògùn tàbí àgbo kankan, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti dá oògùn náà dúró. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè fún mi. Ṣé ó yẹ kí n ṣì sọ ọ́?

Ó yẹ o. Ẹṣẹ́ lè lo ọdún kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó jí tán. Ẹ sọ fún dókítà oníṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì tún un sọ fún ẹni tó máa fún yín ní oògùn oorun. Hydrocortisone tí wọ́n máa gún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kò wọ́n.

Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó: orúkọ yín, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ lò ó kẹ́yìn, nọ́ńbà ará ilé kan. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ṣubú lójú títì, inú pọ́ọ̀sì ni àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ wò.